Omi Tí A Ń Fà Sára Aláìsàn Lásìkò Iṣẹ́ Abẹ, àti Bí Ẹ̀jẹ̀ Ṣe Ń Dì

Ní Ẹ̀pẹ́ níbí, ọ̀pọ̀ ẹbí aláìsàn ni ó gbà pé iye àpò omi tí wọ́n bá fà sí ènìyàn lára ni a fi ń mọ̀ bóyá wọ́n tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Nọ́ọ̀sì tíátà ni mí, ẹ̀gbẹ́ dókítà tí ń kùn aláìsàn lóorun ni mo sì máa ń dúró sí, nítorí náà èmi ni wọ́n sábà máa ń dá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá kan tí ó ń ta ẹja ní ọjà Olúwo di ọwọ́ mi mú láìpẹ́ yìí pé, “Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi méjì kún un fún ọmọ mi, kí ara rẹ̀ lè tètè le.” Mo ní, “Ẹ má bínú, màmá, èyí tí dókítà kọ ti tó.” Ojú tí wọ́n fi wò mí fi hàn pé ahun ni wọ́n pè mí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, oògùn ni omi yìí, ó ní ìwọ̀n, ó sì ní ohun tí ó lè bà jẹ́, pàápàá lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ, níbi tí ẹ̀mí aláìsàn ti rọ̀ mọ́ bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ṣe ń dì.

Ẹ̀jẹ̀ tí ó wà lára àgbàlagbà tó nǹkan bíi lítà 5. Bí ọ̀bẹ bá gé iṣan, iṣan náà á kọ́kọ́ sún kì, àwọn platelet, ìyẹn àwọn ègé wẹ́wẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ tí ń dí ojú ọgbẹ́, á lẹ̀ mọ́ ojú ibi tí ó gé, lẹ́yìn náà ni àwọn purotéènì inú ẹ̀jẹ̀, tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn, á máa jí ara wọn sí iṣẹ́ lẹ́sẹẹsẹ, títí yóò fi kan èyí tí ń jẹ́ fibrinogen, tí yóò di fọ́nrán tín-ín-rín, tí wọ́n ń pè ní fibrin, tí ó ń so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Iṣẹ́ yìí kò lè lọ déédéé láìsí kálísíọ́mù, ó sì ń fẹ́ kí ara móoru tó bí ó ti yẹ.

Méjì ni omi tí a ń lò jù. Èkíní ni normal saline, tí ó jẹ́ iyọ̀ gíráàmù 9 nínú omi lítà kan. Èkejì ni Ringer's lactate, tí ó gba orúkọ lára Sydney Ringer, oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí Alexis Hartmann ará Amẹ́ríkà sì fi lactate, èròjà tí kì í jẹ́ kí ásíìdì pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, kún ní àwọn ọdún 1930. Kò sí platelet nínú ọ̀kankan wọn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí fibrinogen níbẹ̀. Ẹni tí ó bá bu omi sí ọbẹ̀ ẹja mọ̀ pé ìkòkò á kún, ṣùgbọ́n ata kò ní pọ̀ sí i. Fibrinogen inú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ dá wà láàárín gíráàmù 2 sí 4 nínú lítà kan. Bí aláìsàn bá ti pàdánù ẹ̀jẹ̀ púpọ̀, tí a sì fi omi nìkan dí àyè rẹ̀, fibrinogen yìí ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ lọ sílẹ̀ kọjá ààlà. Ohun tí ó tún ń dá kún un ni pé omi náà kì í pẹ́ nínú iṣan: láàárín wákàtí bíi kan, èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ á ti jò wọ inú ẹran ara, ojú àti ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á tún wálẹ̀, ẹni tí kò bá sì fara balẹ̀ á tún so àpò mìíràn kọ́.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mọ́ mi jù nìyí: bí àbùlà náà bá mọ níwọ̀n, ẹ̀jẹ̀ a máa yára dì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni. Ní ọdún 1980, àwọn oníṣẹ́ abẹ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ ìṣègùn pé, nínú àwọn tí wọ́n la ikùn wọn, àwọn tí wọ́n fa omi iyọ̀ sí lára lásìkò iṣẹ́ náà ni ẹ̀jẹ̀ dì sínú iṣan ẹsẹ̀ wọn ju àwọn tí wọn kò fà á fún lọ. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Cape Town tún yẹ ọ̀rọ̀ náà wò ní àwọn ọdún 1990, wọ́n sì rí i pé ẹ̀jẹ̀ tí a fi omi iyọ̀ là níwọ̀nba ń yára dì lóòótọ́. Àlàyé tí ó wọ̀ mí létí jù ni pé ara tún ní àwọn purotéènì tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì níbi tí kò yẹ, antithrombin sì wà lára àwọn àgbà wọn; omi ń là àwọn náà bí ó ti ń là àwọn tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì. Bí àbùlà bá wá pọ̀ jù, tí ó ti kọjá ìdajì, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè dì dáadáa mọ́.

Irú omi kan tún wà tí wọ́n fi ṣítáàṣì ṣe kí ó lè pẹ́ nínú iṣan, hydroxyethyl starch ni orúkọ rẹ̀. Ó ń dín von Willebrand factor kù, èyí tí platelet fi ń lẹ̀ mọ́ ojú ọgbẹ́, ó ń dí fibrin lọ́wọ́, ó sì ń ṣe kíndìnrín ní jàǹbá. Ní 2013 ni àwọn aláṣẹ ilẹ̀ Yúróòpù fi òfin dè é fún àwọn tí àìsàn wọn le gan-an, ní 2022 wọ́n sì dá títà rẹ̀ dúró. Ní tèmi, n kò ní ṣọ̀fọ̀ rẹ̀.

Òtútù ni àwọn ènìyàn ń fojú kéré jù. Lítà omi kan tí kò gbóná ju yàrá lọ lè fa ooru ara àgbàlagbà wálẹ̀ ní nǹkan bí ìdá mẹ́rin dígírì kan, bí ooru ara bá sì ti lọ sísàlẹ̀ dígírì 34, iṣẹ́ platelet àti ti àwọn purotéènì náà á falẹ̀. Ẹ wá ro aláìsàn tí ó sùn ní ìhòòhò sínú yàrá ẹlẹ́rọ amúlétutù, tí a ti la ikùn rẹ̀, tí lítà mẹ́ta omi tútù sì ti wọ ara rẹ̀. Mo máa ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan àpò kọ̀ọ̀kan kí n tó so ó kọ́. Èyí tí ó bá tutù, inú àpótí amúmóoru ni mo ń dá a padà sí. Normal saline tí ó bá pọ̀ jù tún ń sọ ásíìdì inú ẹ̀jẹ̀ di púpọ̀, èyí náà kò sì bá dídì ẹ̀jẹ̀ rẹ́. Síbẹ̀ òun ni a máa ń bá ẹ̀jẹ̀ gbà nínú rọ́bà kan náà, torí pé kálísíọ́mù inú Ringer's lactate lè mú ẹ̀jẹ̀ àpò náà dì sójú ọ̀nà.

Kò dìgbà tí a bá ní ẹ̀rọ ńlá kí a tó mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ti dáwọ́ dídì dúró. Bí aboyún tí a gbẹ̀bí fún bá ń ṣẹ̀jẹ̀, mo máa ń fa mílílítà 2 sínú ìgò tẹẹrẹ kan, gíláàsì tí ó mọ́ tí ó sì gbẹ, màá pa ọwọ́ dé mọ́ ọn kí ó lè móoru bí ara. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 4, màá rọra tẹ ìgò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan wò. Lẹ́yìn náà, ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀jẹ̀ tí ó dára á dì tó bẹ́ẹ̀ tí a ó fi dojú ìgò náà dé tí kò ní dà. Bí ó bá kọjá ìṣẹ́jú 7 tí ó ṣì ń ṣàn, tàbí tí ó dì àmọ́ tí ó ń fọ́ wẹ́wẹ́, mo ti mọ̀ pé àpò omi mìíràn kọ́ ni ó kàn. Ohun tí ó kàn ni kí oníṣẹ́ abẹ wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde kí ó sì dí i, kí ẹ̀jẹ̀ dé kíákíá, kí obìnrin náà sì gba tranexamic acid gíráàmù 1 kí wákàtí 3 tó kọjá lẹ́yìn ìbímọ. Oògùn yìí kì í jẹ́ kí èyí tí ó ti dì yọ́. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2017 lórí àwọn obìnrin tí ó lé ní 20,000, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà wà nínú wọn, fi hàn pé ó ń dín ikú láti inú ẹ̀jẹ̀ yíya kù.

Omi tí a tètè rọ́ sínú iṣan tún lè ti ẹ̀jẹ̀ dídì tí ó ti dí ojú ọgbẹ́ kúrò. Ní Houston ní Amẹ́ríkà, wọ́n tẹ ìwádìí jáde ní 1994 lórí ènìyàn 598 tí wọ́n gún lọ́bẹ tàbí tí wọ́n yìnbọn fún ní àyà tàbí ikùn; nínú àwọn tí wọ́n dúró di inú tíátà kí wọ́n tó fa omi sí lára, 70 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó yè, àmọ́ 62 ni nínú àwọn tí wọ́n fà á fún láti ojú ọ̀nà.

Ohun tí mo fi ń dá àwọn ẹbí lóhùn nìyí: bí ẹ bá fẹ́ ran ènìyàn yín lọ́wọ́, ẹni tí yóò fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ni kí ẹ wá, kí ó sì wá ṣáájú ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Ẹ̀jẹ̀ odidi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fà ní àwọn purotéènì àti platelet tí omi kò ní, ṣùgbọ́n platelet kì í pẹ́ nínú fíríìjì. A sì gbọ́dọ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò fún HIV, àrùn mẹ́dọ̀wú (hepatitis) B àti C, àti rẹ́kórẹ́kó (syphilis), kí a tún wò ó bóyá ó bá ti aláìsàn mu, èyí kò sì ṣeé kánjú ṣe nígbà tí ikùn ti là.