Iyọ̀, Ẹyin àti Ògì

Nígbà tí mo bá fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ mi ní ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìyípadà ìrísí lásán àti ìyípadà tó ń sọ nǹkan di nǹkan mìíràn, ilé ìdáná ni mo máa ń mú wọn lọ. A ó po iyọ̀ mọ́ omi títí tí kò fi ní hàn mọ́, a ó sì gbé e kaná títí omi yóò fi gbẹ, kí iyọ̀ lè tún fara hàn ní ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ẹyin kò rí bẹ́ẹ̀: bí ó bá ti jinná, kò tún lè ṣàn mọ́.

Ògì ni mo fẹ́ràn jù. Àgbàdo tí a rẹ fún ọjọ́ 2 tàbí 3, tí a lọ̀, tí a sì sẹ́, yóò kan, nítorí pé àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tí ojú kò lè rí ń sọ ṣúgà inú rẹ̀ di ásíìdì. Lílọ̀ kàn sọ àgbàdo di wẹ́wẹ́ ni. Kíkan ni ìyípadà gidi, ahọ́n àwọn ọmọ náà ló sì kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, kí n tó ṣàlàyé ohunkóhun fún wọn.