Ẹ̀yin ayàwòrán ẹ̀fẹ̀ tí ẹ fẹ́ràn ìlù, ẹ gbọ́ o

Ẹ̀yin àbúrò wa tí wọ́n ń sọ fún pé kí ẹ fi orin sílẹ̀ kí ẹ lè gbájú mọ́ àwòrán ìwé ìròyìn, ẹ má dá wọn lóhùn. Ní Òṣogbo níbí, nígbà ayé Twins Seven Seven, ó máa ń jó, ó máa ń kọrin, ó sì máa ń yàwòrán. Muraina Oyelami tóun náà jẹ́ ayàwòrán ń lu dùndún. Lóòótọ́, wọn kì í ṣe ayàwòrán ìwé ìròyìn bíi olóògbé Akinola Lasekan tó ya àwòrán òṣèlú fún ìwé ìròyìn West African Pilot láyé ọjọ́un, àmọ́ ohun tí ìlù ń kọ́ni wúlò fún iṣẹ́ yìí gan-an.

Ẹ má kọ́kọ́ ya ojú. Ìdúró la fi ń dá èèyàn mọ̀ lókèèrè. Ẹ fi orin sí i, kí ẹ máa ya ẹni tó ń jó ní ìṣẹ́jú kan-kan: ìlà ẹ̀yìn, ìlà èjìká, ìlà ìbàdí, ó parí. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá mú ohun kan ṣoṣo lára rẹ̀ tí ẹ máa bù mọ́. Ẹni tó bá sọ imú, etí àti ẹnu di ńlá lẹ́ẹ̀kan náà kò tíì bù mọ́ nǹkan kan. Ti àìsàn tàbí àbùkù ara, ẹ fi sílẹ̀; kì í pani lẹ́rìn-ín.

Bó bá kan onílù, ẹ ṣọ́ra, torí àwọn òǹkàwé ìlú yìí mọ̀ ọ́n. Ìyáàlù dùndún máa ń kọ́ èjìká òsì, ọwọ́ òsì ń fún ọṣán (àwọn awọ tín-ín-rín tó so ojú ìlù méjèèjì pọ̀), ọwọ́ ọ̀tún di kọ̀ǹgó tí orí rẹ̀ tẹ̀ mú, ṣaworo sì yí etí ìlù ká. Ọrùn ni gúdúgúdú máa ń kọ́, ojú rẹ̀ kọ òkè, bílálà méjì ni wọ́n fi ń lù ú. Kò ní ọṣán tí èèyàn ń fún. Bí ẹ bá wá yí àwòrán padà lórí kọ̀ǹpútà kó lè kọjú sí àárín ojú ewé, onílù yín á di ọlọ́wọ́ òsì! Ẹ tún un yà.

Bébà ìwé ìròyìn máa ń mu tàdáwà, ìlà á sì wú. Bí àyè yín bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10, ẹ yà á ní 15. Ìlà tó tó mìlímítà 0.6 á wá di 0.4, ìyẹn dára. Èyí tó bá tín-ín-rín ju ìdajì rẹ̀ lọ lè pòórá. Àwọn ìlà wínníwínní tí ẹ fi ń ṣe òjìji á dì pọ̀ di dúdú bí wọ́n bá sún mọ́ra jù, ìdí nìyẹn tí a fi ń fi ojú sílẹ̀ ní funfun, tí dúdú á wà lára fìlà àti irun. Lásìkò òjò, ẹ jẹ́ kí tàdáwà gbẹ dáadáa kí ẹ tó fi kílínà pa ìlà pẹ́ńsù rẹ́. Ẹ ṣe fọ́tókọ́pì rẹ̀ ní 67%, ẹ gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí ẹ wò ó lórí ìdúró.

Ẹ fi 600 dpi (ìyẹn ẹgbẹ̀ta àmì nínú íǹṣì kan) ṣe scan, ó kéré tán. Bí olóòtú bá ní kí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ fi ránṣẹ́ bíi document, torí bí bẹ́ẹ̀ kọ́, WhatsApp á fún un mọ́lẹ̀, etí ìlà á sì máa ṣe wúruwùru. Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ tó wà nínú àwòrán: àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ ló máa ń kọ́kọ́ sọnù, nítorí náà ẹ jẹ́ kó nípọn ju bó ṣe yẹ lọ díẹ̀.