Kí Ẹ Tó Ra Oyè "Lord" ti Skọ́tlándì

Ẹ̀yin ará Òṣogbo, bí wọ́n bá fi ìpolówó ránṣẹ́ sí yín lórí Wasáàpù pé kí ẹ ra ilẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà kan ní Skọ́tlándì, kí ẹ sì máa jẹ́ "Lord", ẹ má tíì sanwó. Irú ilẹ̀ bíńtín bẹ́ẹ̀ kì í wọ ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀ ìjọba níbẹ̀, kò sì sí oyè kankan tó bá a wá.

Ìpele márùn-ún ni oyè àwọn ìjòyè wọn ní. Duke ló ga jù, lẹ́yìn náà Marquess, Earl, Viscount, kí ó tó kan Lord of Parliament. Ọdún 1398 ni Ọba Robert Kẹta kọ́kọ́ fi ènìyàn jẹ Duke: ọmọ rẹ̀ David di Duke Rothesay, àbúrò ọba fúnra rẹ̀ sì di Duke Albany. Wọn kì í pe ìdílé jọ kí afọbajẹ tó yan ẹni tí yóò jẹ ẹ́, bí a ti ń ṣe bí ipò Àtáọ́ja bá ṣófo. Ohun tí ìwé àṣẹ ọba bá ti là sílẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ lé, ọ̀pọ̀ oyè àtijọ́ wọn ló sì lè bọ́ sọ́wọ́ àkọ́bí obìnrin bí kò bá sí ọmọkùnrin. Èyí wù mí púpọ̀.

Ọ̀rọ̀ Baron ló ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn rú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Baron wà lára àwọn márùn-ún. Ní Skọ́tlándì, kò sí níbẹ̀. Ilẹ̀ tí ọba fún ènìyàn ló gbé oyè náà dání tẹ́lẹ̀, àti ẹ̀tọ́ láti dá ẹjọ́ àwọn tó ń gbé orí rẹ̀. Láyé ìgbà kan, àwọn Baron kan láṣẹ láti so ọ̀daràn kọ́, tàbí kí wọ́n ri obìnrin tó jẹ̀bi sómi. Agbára tó wà nídìí oyè gan-an nìyẹn. Lẹ́yìn ogun Culloden ní 1746, níbi tí wọ́n ti ṣẹ́gun àwọn ọlọ̀tẹ̀ ní Skọ́tlándì, ìjọba Lọ́ńdọ̀nù rí i pé ẹni tó ń dájọ́ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ lè kó wọn jọ sógun pẹ̀lú. Wọ́n ṣòfin tó gba kóòtù àjogúnbá lọ́wọ́ àwọn ìjòyè, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1748. Wọ́n san owó gbà-má-bínú. Duke Argyll nìkan gba £21,000.

Àwọn ẹ̀tọ́ yòókù ń lọ díẹ̀díẹ̀. Láti 1707, tí ilé ìgbìmọ̀ Skọ́tlándì àti ti Gẹ̀ẹ́sì di ọ̀kan, 16 péré ni àwọn ìjòyè onípele márùn-ún náà ń yàn láàárín ara wọn sí Ilé Ìgbìmọ̀ Àwọn Lord ní Lọ́ńdọ̀nù. Òfin 1963 gba gbogbo wọn wọlé, ti 1999 sì lé ọ̀pọ̀ jù lọ jáde. Ẹ̀tọ́ pé ìjòyè ẹgbẹ́ wọn ni kí ó dá ẹjọ́ ọ̀ràn wọn parí ní 1948.

Ní ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá 2004, òfin ya oyè Baron kúrò lára ilẹ̀. Ó ṣeé rà lónìí, ṣùgbọ́n owó ńlá ni, kò sì ní kóòtù tàbí àga nínú ilé ìgbìmọ̀ kankan nínú. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀ kì í kọ ọ́ sílẹ̀ mọ́, nítorí náà, lọ́yà tó mọ òfin Skọ́tlándì gbọ́dọ̀ tọpa bí oyè náà ṣe ń ti ọwọ́ dé ọwọ́ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá sì fẹ́ àmì ìdílé (coat of arms), ọ́fíìsì Lord Lyon, òṣìṣẹ́ ọba tó ń bójú tó irú àmì bẹ́ẹ̀, ní Edinburgh ni ẹ ó kọ̀wé sí. Inú ìwé tí òfin 1672 dá sílẹ̀ ló ń kọ àmì tó bá fọwọ́ sí. Ẹni tó bá ń lo àmì tí kò sí nínú ìwé yẹn ní Skọ́tlándì ti rú òfin, kóòtù Lord Lyon fúnra rẹ̀ sì lè bu owó ìtanràn lé e.