Àgbá Ajílẹ̀ Tó Ń Yí Ara Rẹ̀: Ọ̀sẹ̀ Kẹfà

Òru mọ́jú ọjọ́ Ẹtì, àgbá yìí kò sùn. Ìró ṣéènì kẹ̀kẹ́ ló jí ìyàwó mi ní aago méjì. "Bàbá Tọ́lá, ẹ lọ pa nǹkan yín o, kí láńlọ́ọ̀dù má baà lé wa." Kí n tó débẹ̀, bátìrì ti kú.

Fún ẹni tí kò mọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀: àgbá búlúù ni, mo dá a dùbúlẹ̀ sórí irin tí wẹ́dà bá mi jó. Mọ́tò wáípà tí mo rà lọ́wọ́ àwọn tó ń tú ọkọ̀ ló ń fi ṣéènì yí i. Arduino, kọ̀ǹpútà pélébé tí mo kọ kóòdù sí, ló ń pàṣẹ: kó yí fún ìṣẹ́jú mẹ́rin ní wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà, tàbí nígbàkígbà tí ooru inú rẹ̀ bá kọjá 65°C, torí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń bá wa sọ èèpo di ajílẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Sẹ́ńsọ̀ DS18B20 tó wà nínú páìpù àárín ló ń wọn ooru náà.

Láàárọ̀, mo ṣí ohun tó kọ sílẹ̀: 58, 58, 85, 85, 85. Ooru wo ló ń fò báyẹn? Mo ki ọwọ́ bọ àárín èèpo iṣu àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, kò gbóná tó omi ìwẹ̀ ìyá ọlọ́mọ mọ́. Àyíjù ti jẹ́ kó tutù.

85 yẹn kì í ṣe ooru rárá. Ohun tí sẹ́ńsọ̀ yìí máa ń sọ nìyẹn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, tí kò tíì wọn nǹkan kan. Mọ́tò bá gbéra, á fa iná bátìrì mọ́ra, sẹ́ńsọ̀ á dákú, á jí, á ní 85. Arduino á ní yéè, ó ti kọjá 65, á tún yí i. Ojú tì mí, torí ó wà nínú ìwé sẹ́ńsọ̀ náà, n kò kà á débẹ̀ ni.

Mo kọ́kọ́ fún Arduino ní páwà báǹkì tirẹ̀. Kò pẹ́ tí ìyẹn fi pa ara rẹ̀: iná tí wọ́n ń fà lára rẹ̀ kéré débi pé ó rò pé kò sẹ́ni tó ń lo òun. Ni mo bá tú bátìrì inú UPS àtijọ́ kan. Òun ló ń gbé e báyìí. Mo sì kọ ọ́ kún kóòdù pé tó bá rí 85, kó tún un wọ̀n kó tó ṣe ohunkóhun.

Mo da ìgbẹ́ adìyẹ àti lẹ́búlẹ́bú igi láti sọ́míìlì sí i, torí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti ń ṣomi jù. Ìrọ̀lẹ́ òní: 41. Ìyàwó mi ní òun ò gbóòórùn kankan, àmọ́ òun ṣì ń gbọ́ ṣéènì. Gírísì ló kàn.