Èmi, Àna Mi àti Àpò Ẹlùbọ́

Kàdúná la ti tọ́ mi. Ẹsẹ̀ mi ò tíì tólẹ̀ lórí àga kẹ̀kẹ́ tí mo ti ń ti ẹsẹ̀ kan bọ abẹ́ irin Raleigh bàbá mi, tí mò ń wà á lẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ́. Àpá tí mo gbà nídìí ẹ̀ ò lóǹkà. Nígbà tí mo dàgbà, mo kúrò lórí kẹ̀kẹ́, mo bọ́ sórí máṣíìnì. Ibi tí sàléńsà ti jó mi ṣì wà lẹ́sẹ̀ mi títí dòní. Tí mo bá ti gun máṣíìnì, ìyàwó mi a máa ní ojú mi kò tàn tó báyìí lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa. N kì í dá a lóhùn.

Ìjọba lé ọ̀kadà kúrò láàárín ìlú Àbújá ní 2006, àmọ́ àwa ará Kubwa lẹ́yìn ìlú ò jáwọ́ ńbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní àfi akoto dandan ní oṣù kìíní 2009, tí àwọn ọlọ́kadà kan ní Kánò ń dé igbá, tí àwọn mìíràn ń dé ike ọ̀dà torí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, akoto gidi méjì ni èmi ní: ọ̀kan fún mi, ọ̀kan fún ẹni tí Ọlọ́run bá gbé sẹ́yìn mi.

Ẹni tí Ọlọ́run gbé sẹ́yìn mi lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí ni ìyá ìyàwó mi. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti ń bọ̀, wọ́n sọ̀ ní gáréèjì Zuba pẹ̀lú àpò ẹlùbọ́. Mọ́tò mi wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ìyàwó mi ní kí n fi takisí gbé wọn. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́: máṣíìnì wà nílẹ̀, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ̀, kí n wá máa wá takisí kiri?

Màmá ò kọ̀. Wọ́n ní nígbà tí àwọn ń ṣòwò ní Jọ́ọ̀sì (ẹ mọ àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, kò síbi tí wọn ò ná tán lókè Ọya), Honda 50 ni ọkọ àwọn fi ń gbé àwọn lọ sọ́jà. Akoto nìkan la jọ fà. Kò gba gèlè wọn, wọn ò sì ní tú gèlè. Ni wọ́n bá gbé e há abíyá. Mo de ẹlùbọ́ sẹ́yìn wọn, a gbéra.

A yà sí ilé epo. Màmá sọ̀ kalẹ̀. Mo ra epo, mo sanwó, mo dé akoto, mo ṣáná sí máṣíìnì. Mo ní, "Màmá, ṣé ẹ ti jókòó dáadáa?" Ẹnì kan ní "ẹ̀n-ẹ́n." Títí di òní n ò mọ ẹni náà. Mo tẹná. Àwọn ọmọ ilé epo ń pariwo, wọ́n ń juwọ́ sí mi. Mo juwọ́ padà. Ará Zuba mọ èèyàn yẹ́ sí.

Bí mo ṣe ń lọ ni mò ń ròyìn. "Màmá, ẹ bojú wẹ̀yìn, òkè Zuma nìyẹn, òun ló wà lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún náírà." A dé Dei-Dei, mo fi ọjà àwọn tó ń ta ohun ìkọ́lé hàn wọ́n. Mo ṣàlàyé àwọn Gbagyi tó ti wà lórí ilẹ̀ yìí kí olú-ìlú tó kúrò l'Ékòó wá síbí ní 1991. Màmá ò já lu ọ̀rọ̀ mi rárá. Mo ní àgbà tó mọ ọ̀rọ̀ gbọ́ nìyí. Mo bá tú èyí tó wà níkùn mi sílẹ̀: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ yín ní àfi kí n ta máṣíìnì yìí. Tẹ́ ẹ bá wà lẹ́yìn mi, ẹ má wulẹ̀ sọ nǹkan kan."

Wọn ò sọ nǹkan kan. Orin ni mo fi dé Kubwa.

Ìyàwó mi sáré jáde, ó ti fẹ́ẹ́ kúnlẹ̀, ló bá nàró padà. "Bàbá Tólú, màmá mi dà?"

Mo wẹ̀yìn. Okùn ti dẹ̀, àpò ẹlùbọ́ ti sún wá síwájú, ó fara ti mi pẹ̀sẹ̀. Ta ni kò ní rò pé àna òun ló ń tòògbé? Ẹlùbọ́ ló lẹ̀bi.

Mo yí padà wéré. N ò tíì dé títì tí ọ̀kadà kan já wọ àdúgbò, tó fò mí kọjá fìrì. Gèlè ni mo kọ́kọ́ rí, kí n tó rí akoto mi lábẹ́ abíyá. Màmá náà rí mi. Wọ́n fọwọ́ gbá ọlọ́kadà léjìká, wọ́n sọ Háúsá sí i, ló bá tún fi kún eré. Mo lé wọn títí délé, n ò bá wọn. Wọ́n ti mọ ilé wa láti ìgbà ìsọmọlórúkọ Tólú.

Ìgbà tí mo fi dé, ìnájà ti ń lọ. Háúsá Jọ́ọ̀sì yẹn, tó mú ju tèmi tí mo gbé Kàdúná lọ, ni wọ́n fi já owó náà wálẹ̀ títí ọmọkùnrin náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wọ́n. Bí mo ṣe dọ̀bálẹ̀ sínú eruku, wọ́n dákẹ́.

"Bàbá Tólú, ẹ bá mi san án."

Mo ka iye tí wọ́n fẹnu kò sí lé e lọ́wọ́. Màmá wo owó náà, wọ́n wò mí.

"Ẹ fún un sí i. Òun dúró kí n jókòó."