Ẹ̀yìn Ewé Ni Kí Ẹ Ti Bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀yin àbúrò wa tí ẹ ń múra ìdánwò bàólọ́jì ní Gwagwalada, ní Zaria àti ní Minna, àwòrán inú ìwé ni ọ̀pọ̀ yín ń há sórí kí ẹ tó fọwọ́ kan ewé rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí i padà. Ẹ já ewé máńgòrò kan, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: báwo lo ṣe ń mí tí òùngbẹ kò fi pa ọ́? Gbogbo ohun tó wà lára ewé, ìbéèrè yìí ni wọ́n jọ ń dáhùn.

Ẹ̀yìn ewé máńgòrò ni àwọn ihò tí à ń pè ní stomata wà. Láti rí wọn, ẹ nu ẹ̀yìn ewé náà gbẹ, kí ẹ fi kútẹ́ẹ̀sì tí kò ní àwọ̀ kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láàárín iṣan méjì, níwọ̀n ìbú èékánná. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10 sí 15, ẹ lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ọn, ẹ ṣí i pẹ̀lẹ́, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ sláìdì. Ẹ kọ́kọ́ wò ó lábẹ́ máíkírósíkóòpù ní ìlọ́po 100, kí ẹ tó lọ sí 400. Bí kútẹ́ẹ̀sì bá ki jù, kùrukùru lẹ máa rí. Bí ewé bá tutù, á fà ya. Ewé onírun kò ṣe é lò, torí irun ló máa hàn dípò ihò. Ẹ ṣe ojú ewé náà bákan náà, ẹ ò ní rí ihò níbẹ̀. Ti àgbàdo wà lójú àti lẹ́yìn. Òṣíbàtà tó tẹ́ ewé sórí omi, ojú ewé nìkan ni tirẹ̀ wà, nítorí omi ló wà lẹ́yìn.

Sẹ́ẹ̀lì méjì tó rí bí ẹ̀wà ló ń ṣọ́ ihò kọ̀ọ̀kan. Ògiri wọn tó kọjú sí ihò nípọn ju ti ẹ̀yìn lọ. Bí ilẹ̀ bá mọ́, pọtásíọ̀mù á wọlé, omi á tẹ̀lé e, sẹ́ẹ̀lì á wú. Ibi tó nípọn kò lè nà tó ibi tó fẹ́lẹ́, nítorí náà wọ́n á tẹ̀ bí ọrun ọdẹ, ihò á sì ṣí. Bí omi bá dínkù, wọ́n á rọ̀, ihò á pa dé. Ọ̀pọ̀ ń kọ ọ́ pé ihò ń pa dé nígbà ọyẹ́ kí omi má bàa tán, wọ́n á sì dúró síbẹ̀. Ìdajì ìdáhùn nìyẹn. Bí ihò bá ti pa dé, kábọ́nì dáyọ́ksáìdì kò rí ọ̀nà wọlé mọ́, oúnjẹ tí ewé ń ṣe á sì dínkù.

Igi tí ẹ lè fi ṣàpẹẹrẹ tó dára jù lọ́dọ̀ wa ní àríwá níbí ni gawo, igi ẹlẹ́gùn-ún tó wà lóko àwọn Hausa káàkiri Kano àti Katsina. Nígbà òjò ló ń wọ́wé, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ń rúwé, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ jìn dé omi abẹ́ ilẹ̀. Ara ìdí nìyẹn tí ọkà bàbà fi ń ṣe dáadáa lábẹ́ rẹ̀ nígbà òjò: òjìji kò bo ọkà náà.

Ní ti inú ewé, awọ òkè mọ́ gaara bíi gíláàsì kí ìmọ́lẹ̀ lè kọjá. Lábẹ́ rẹ̀ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì gígùn tó tò bí ọ̀pá, ibẹ̀ ni chlorophyll, àwọ̀ ewé tó ń gba ìmọ́lẹ̀, pọ̀ sí jù. Ìsàlẹ̀ wọn rí bíi kànrìnkàn, atẹ́gùn ń rìn láàárín rẹ̀. Ibi tí ẹ ti ń ṣì í ni iṣan: xylem tó ń gbé omi bọ̀ ló wà lókè, phloem tó ń kó ṣúgà lọ ló wà nísàlẹ̀. Ẹ má há a sórí. Nínú igi, xylem wà ní ìhà inú, phloem ní ìhà òde. Ẹ na ọwọ́ sókè níwájú ojú, kí àtẹ́lẹwọ́ kọjú sí yín, kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́ síwájú, kúrò lọ́dọ̀ ara yín, bí ewé ṣe ń yà kúrò lára igi. Àtẹ́lẹwọ́ ti kọjú sókè báyìí. Àtẹ́lẹwọ́ yẹn ni xylem.

Nínú ìdánwò stáàṣì, ẹ fi òdòdó inú ìkòkò sínú òkùnkùn fún wákàtí 48 kí stáàṣì àtẹ̀yìnwá tán, kí ẹ tó gbé e sóòrùn fún wákàtí 4 sí 6. Ẹ se ewé nínú omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú 1 kí ayódíìnì lè ráyè wọ inú sẹ́ẹ̀lì. Lẹ́yìn náà, ẹ pa iná pátápátá kí ẹ tó ṣí ọtí sípíríìtì. Ọtí yìí ń hó ní nǹkan bí 78°C, nítorí náà omi gbígbóná inú bíkà tó láti mú un hó, ẹ kò nílò iná lábẹ́ rẹ̀. Òórùn ọtí nìkan tó láti gbaná. Ẹ fi ewé náà sínú ọtí tó ń hó nínú omi gbígbóná yìí. Bí ó bá ti funfun, á le, á sì tètè rún, ẹ rì í sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kó rọ̀, kí ẹ tó tẹ́ ẹ sórí táìlì funfun, kí ẹ kán ayódíìnì lé e. Àwọ̀ aró dúdú ni stáàṣì, àwọ̀ ilẹ̀ ni àìsí rẹ̀. Ẹ má lo ewé àlùbọ́sà, ṣúgà ló ń tọ́jú, kì í ṣe stáàṣì. Ẹ má sì lo ewé máńgòrò tó ti gbó, ìda ara rẹ̀ kì í jẹ́ kó tètè funfun.

Dóńgóyárò ń kó ọ̀pọ̀ sí wàhálà. Ohun pẹlẹbẹ kéékèèké wọ̀nyẹn kì í ṣe ewé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá ìrudi: ó wà níbi tí ọ̀pá ewé ti pàdé ẹ̀ka, kò sí níbi tí pẹlẹbẹ kékeré ti pàdé ọ̀pá. Láti ibi ìrudi dé orí ni ewé kan.

Bí ẹ bá ń yà á, pẹ́ńsùlù ni, ẹ má kùn ún, ẹ fi rúlà fa ìlà orúkọ, kí wọ́n má gba ara wọn kọjá. Ewé tó gùn ní 8 cm, tí ẹ yà ní 12 cm, 12 pín sí ọ̀nà 8 jẹ́ 1.5. Ohun tí ẹ máa kọ sábẹ́ àwòrán ni ×1.5, láìsí cm lẹ́yìn rẹ̀.