Bọ́tìnì tí kò dáhùn lọ́jọ́ owó oṣù

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ nígbà tó ṣì ń dùn mí. Èmi ni mò ń bójú tó kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wa. Nígbà tí Windows 10 kò ní gba àtúnṣe ààbò ọ̀fẹ́ mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025, tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wa kò sì ní TPM 2.0, ìyẹn ṣíìpù ààbò tí Windows 11 ń béèrè, inú mi dùn, kí n má parọ́. Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó lè rọ́pò Windows, ni mo mọ̀ bí ẹní mowó. Òpin ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi kó gbogbo wa lọ síbẹ̀.

Ọjọ́ owó oṣù pé. Màmá tó ń ṣírò owó wa ṣí fáìlì Excel wọn nínú LibreOffice, ètò ọ̀fẹ́ tí a fi rọ́pò Excel. Ó ṣí, nọ́ńbà pé pérépéré. Wọ́n tẹ bọ́tìnì aláwọ̀ ewé kan lókè. Kò mira. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Wọ́n wá yíjú sí mi: "Ọmọ mi, kí lo fi bọ́tìnì mi ṣe?"

Bọ́tìnì yẹn ló ń yọ owó orí, ló ń yọ gbèsè kóówá, ló ń di gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì tí báńkì ń gbà. Macro VBA ni, ìyẹn àṣẹ tí wọ́n kọ sínú fáìlì Excel kó lè dá ṣiṣẹ́, èyí tí LibreOffice kì í lè ṣe tán bíi ti Excel. Ẹni tó kọ ọ́ ti fiṣẹ́ sílẹ̀ tipẹ́. Èmi tí mò ń gba owó tó ń ṣírò lóṣooṣù, mi ò mọ̀ pé ó wà!

Nígbà tó di aago mẹ́rin, àwọn èèyàn ti ń yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Màmá ò bú mi. Wọ́n kàn fa kalikulétọ̀ yọ, wọ́n ń ṣírò wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi. Ọjọ́ kẹta lowó tó wọlé.

A ti tún un ṣe: ẹ̀rọ méjì padà sí Windows, a sanwó àtúnṣe ààbò wọn. Àwọn yòókù wà lórí Linux, nítorí iṣẹ́ tiwọn kò kọjá íntánẹ́ẹ̀tì.

Kẹ́ ẹ tó yan ohunkóhun, ẹ lọ jókòó ti ẹni tó ń lò ó, lọ́jọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ le jù. Ẹ kọ orúkọ gbogbo fáìlì tó ní bọ́tìnì sílẹ̀ pẹ̀lú, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti jókòó tì í, ẹ ó rí i fúnra yín. Ọ̀fẹ́ tí mo ń pariwo? Ẹ bi àwọn tí ò rówó gbà fọ́jọ́ mẹ́ta. Linux kọ́ ló jẹ̀bi o, kẹ́nikẹ́ni má bá mi jà. Sáfà wa, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí àwọn ẹ̀rọ yòókù ń gbára lé, ń bẹ lórí ẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, mo gbé àga lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ rìsíìtì. Àwọn náà ní bọ́tìnì kan tí mi ò rí rí.